ÀDÉHÙN LÓRÍ ẸJA: ÌJÀ Ẹ̀TỌ́ ÀWỌN ONÍLẸ̀ NÍ ÌPÍNLẸ̀ WASHINGTON



Bí ènìyàn bá gbọ́ ọ̀rọ̀ àdéhùn, ohun tí ọkàn ọ̀pọ̀ máa ń lọ sí ni gbèsè, ìgbéyàwó tàbí òwò. Ṣùgbọ́n àdéhùn kan wà tí ó jẹ́ ti ẹja. Ìjọba Amẹ́ríkà ni ó bá àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ kan ṣe é ní ìparí ọdún 1854. Ìjọba gba ilẹ̀. Àwọn onílẹ̀ ní kí ìpẹja ṣẹ́kù fún àwọn. Kò pẹ́ tí ilẹ̀ náà fi kúrò lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ó tó bí 120 ọdún kí ilé-ẹjọ́ tó fi dandan lé e pé kí wọ́n rí ẹja náà mú. Láàárín ìgbà méjèèjì, láti ìran dé ìran ni àwọn ènìyàn ń lọ sí àtìmọ́lé nítorí pé wọ́n da àwọ̀n sínú odò tí ìwé àdéhùn fi ìpẹja rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Fún Mùsùlùmí, ẹni tí mímú àdéhùn ṣẹ jẹ́ ara ẹ̀sìn rẹ̀, ìtàn náà yẹ ní gbígbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ ni Ìpínlẹ̀ Washington, ní igun àríwá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, tí ó jìnnà gidigidi sí Washington tí í ṣe olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da méjèèjì pọ̀. Níbẹ̀, òkun wọ inú ilẹ̀ lọ ní ibi tí wọ́n ń pè ní Puget Sound, ọ̀pọ̀lọpọ̀ odò sì ń ṣàn láti orí òkè oníyìnyín wá sínú rẹ̀: Nisqually, Puyallup, Skagit àti àwọn mìíràn. Inú àwọn odò wọ̀nyí ni ẹja sámọ́nì ń wá. Sámọ́nì kì í ṣe irú ẹja tí ń gbé ojú kan. Inú omi dídùn ni ẹyin rẹ̀ ti ń di ọmọ. Lẹ́yìn náà ni yóò tẹ̀lé ìṣàn odò lọ sí inú òkun, yóò lo ọdún mélòó kan níbẹ̀, yóò dàgbà, yóò sanra, lẹ́yìn èyí ni yóò padà sí odò tí a ti bí i láti yé ẹyin. Ẹni tí ó bá dúró ní etí odò ní àsìkò ìpadàbọ̀ yìí, oúnjẹ ọdún kan ni ó ń wò. Àwọn ẹ̀yà tí ń gbé ibẹ̀ a máa mú un, wọn a yan án, wọn a fi èéfín gbẹ ẹ́ pamọ́ de ìgbà òtútù, wọn a sì fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú àwọn ará ibòmíràn. Ẹja àkọ́kọ́ ọdún ní ayẹyẹ tirẹ̀. Bí iṣu ti rí fún Yorùbá ni sámọ́nì rí fún wọn, bóyá ó tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹni tí kò rí iṣu lè rí àgbàdo.

Isaac Stevens ni gómìnà àkọ́kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà rán sí ilẹ̀ náà, kí ó tó di ìpínlẹ̀. Iṣẹ́ kan pàtàkì tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni kí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ kí àwọn àjèjì aláwọ̀ funfun lè rí ibi dá oko. Ó sì yára. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1854, ní etí odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Medicine Creek, ó bá àwọn ará Nisqually, Puyallup, Squaxin àti àwọn aládùúgbò wọn ṣe àdéhùn àkọ́kọ́. Láàárín oṣù tí ó tẹ̀lé e, ó ti ṣe mẹ́ta mìíràn ní etí òkun náà. Ìlẹ̀ tí Medicine Creek nìkan mú lọ ju mílíọ̀nù méjì éékà lọ. Owó tí ìjọba ṣèlérí fún un ni $32,500, wọn kò sì ní san án lẹ́ẹ̀kan; ogún ọdún ni wọn yóò fi pín in. Ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn Nisqually láti máa gbé kò ju 1,280 éékà lọ, orí òkè onígbó ni ó sì wà, ó jìnnà sí odò.

Ẹ kíyèsí èdè tí wọ́n fi ṣe àdéhùn náà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwọn onílẹ̀ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Stevens kò sì jẹ́ kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè abínibí wọn; èdè ọjà tí wọ́n ń pè ní Chinook Jargon ni wọ́n lò, èdè tí àwọn oníṣòwò fi ń ná awọ ẹran àti ẹja, tí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Èdè tí a fi ń ra awọ ni wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti òfin. Síbẹ̀, ohun kan wà tí àwọn onílẹ̀ kò jẹ́ kí ó bọ́ sọ́nù nínú ìjíròrò náà. Wọ́n ní àwọn kò lè wà láìsí ẹja. Stevens fún wọn ní ìdánilójú, ó sì wọ inú ìwé: pé ẹ̀tọ́ láti máa pẹja ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pẹja tẹ́lẹ̀ wà fún wọn síbẹ̀, ní àjùmọ̀ní pẹ̀lú gbogbo ọmọ ìlú yòókù, àti pé wọ́n lè máa ṣọdẹ ní ilẹ̀ tí ẹnìkan kò tíì dá oko sí. Gbólóhùn ‘ní àjùmọ̀ní’ yìí ni wọ́n fi jà fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ kíákíá. Leschi, olórí kan láàárín àwọn Nisqually, kò gba ilẹ̀ orí òkè náà. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé pẹ̀lú àmì, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ pé kò fi ọwọ́ sí i. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1855. Nígbà tí ogun parí, wọ́n mú Leschi, wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé ó pa ọmọ ogun kan. Ní ìgbẹ́jọ́ àkọ́kọ́, ohùn àwọn tí ń dá ẹjọ́ kò ṣọ̀kan. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n dá a lẹ́bi. Àwọn ọ̀gá ológun ìjọba àpapọ̀ kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n so ó kọ́ nínú bárékè wọn, nítorí pé ní ojú wọn, ẹni tí ó pa ènìyàn lójú ogun kì í ṣe apànìyàn. Àwọn aláṣẹ mìíràn so ó kọ́ ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 1858. Ní ọdún 2004, ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ kan jókòó ní Ìpínlẹ̀ Washington, wọ́n sì kéde pé kò jẹ̀bi. Ohun kan sì ti inú ogun náà jáde: ìjọba sún ilẹ̀ àwọn Nisqually wá sí etí odò, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ sí i ní 1857. Àfi kí ènìyàn ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní etí odò tirẹ̀.

Fún ìgbà díẹ̀ ẹja pọ̀, kò sí ẹni tí ó bìkítà. Ohun tí ó yí i padà ni agolo. Láti nǹkan bí 1877 ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń di sámọ́nì sínú agolo ti dé Puget Sound. Ẹja tí ó jẹ́ oúnjẹ àwọn ará etí odò tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí wọ́n ń kó lọ tà káàkiri ayé. Àwọn àjèjì kọ́ pańpẹ́ ńlá sí ojú òkun, wọ́n gbé ẹ̀rọ oníkẹ̀kẹ́ sí ojú odò tí ń bu ẹja bí ẹni ń bu omi. Ní odò Columbia, àwọn méjì kan tí wọ́n ń jẹ́ Winans ra ilẹ̀ etí odò, wọ́n sì lé àwọn ará Yakama, tí àwọn náà ní àdéhùn 1855, kúrò ní ibi ìpẹja baba wọn. Ẹjọ́ náà dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní 1905. Àwọn adájọ́ sọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ fi sọ́kàn: pé kì í ṣe ìjọba ni ó fún àwọn onílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ ìpẹja. Àwọn onílẹ̀ ni ó fún ìjọba ní ilẹ̀, ohun tí wọn kò sì fi sílẹ̀ ṣì jẹ́ tiwọn. Ẹni tí ó bá ń sọ títí di òní pé ‘ẹ̀tọ́ àkànṣe’ ni wọ́n fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí, orí ni ó fi sọlẹ̀, ẹsẹ̀ ni ó gbé sókè.

Ṣùgbọ́n ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga jìnnà sí etí odò. Ìpínlẹ̀ Washington, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1889, ń ṣe òfin tirẹ̀. Àwọn aláṣẹ rẹ̀ ní ẹja ń tán, pé àwọ̀n ni ó ń pa á, àwọ̀n tí wọ́n sì ń wí ni ti àwọn onílẹ̀ nínú odò, kì í ṣe ti àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń kó ẹja lójú òkun kí ó tó dé odò rárá. Ní 1942, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ìpínlẹ̀ kò lè gba owó ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ó fi àyè kan sílẹ̀ pé ìpínlẹ̀ lè ṣe òfin tí ó bá pọn dandan láti dáàbò bo ẹja. Ihò kékeré yẹn ni ìpínlẹ̀ fi gbé gbogbo ara wọlé.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1945, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan tí ń jẹ́ Billy Frank ń tú ẹja kúrò nínú àwọ̀n ní odò Nisqually nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ mú un. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n ọdún nígbà náà tí wọ́n ti gba ohun tí ó ju ìdajì ilẹ̀ Nisqually lọ fún bárékè ológun ní àsìkò Ogun Àgbáyé Kìíní. Baba Billy ti ra éékà mẹ́fà péré sí etí odò, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní Frank’s Landing. Ọmọ náà dàgbà, ó ṣiṣẹ́ ológun fún Amẹ́ríkà, ó padà sílé, ó da àwọ̀n rẹ̀ sómi, wọ́n sì tún mú un. Wọ́n mú un ju ìgbà àádọ́ta lọ ní ayé rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ a máa gba ọkọ̀, wọn a gba àwọ̀n, àwọn apẹja a sì tún wá òmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń pẹja lóru bí olè, nínú odò àdéhùn.

Nígbà tí ọdún 1960 sí 1970 ń lọ, àwọn aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Amẹ́ríkà ń jókòó sí ilé oúnjẹ tí òfin ní kí wọ́n má jókòó sí. Àwọn onílẹ̀ Washington kọ́ ọgbọ́n náà, wọ́n sì yí i padà sí tiwọn: wọ́n ń pẹja ní gbangba, lójú ọ̀sán, níwájú àwọn oníròyìn, kí wọ́n lè mú wọn. Hank Adams àti Janet McCloud wà lára àwọn tí ó ṣètò rẹ̀. Marlon Brando, òṣèré sinimá tí gbogbo ayé mọ̀, wá bá wọn ní odò Puyallup ní oṣù Kẹta ọdún 1964, wọ́n mú òun náà. Dick Gregory, aláwọ̀ dúdú apanilẹ́rìn-ín, ṣẹ̀wọ̀n nítorí tiwọn. Àwọn gbajúmọ̀ wọ̀nyí mú kí àwọn ìwé ìròyìn wá, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin àti ọmọdé etí odò ni wọ́n fi kóńdó lù nígbà tí oníròyìn ti lọ.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1970, àwọn ọlọ́pàá ya bo àgọ́ àwọn apẹja ní etí odò Puyallup ní ìlú Tacoma. Wọ́n fín tajútajú, wọ́n fi kóńdó lù wọ́n, wọ́n sì kó nǹkan bí ọgọ́ta ènìyàn. Stan Pitkin, àgbà agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ ní agbègbè náà, fi ojú ara rẹ̀ rí i. Kò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ lẹ́yìn èyí tí ìjọba àpapọ̀ fi pe Ìpínlẹ̀ Washington lẹ́jọ́ ní orúkọ àwọn ẹ̀yà náà.

Adájọ́ tí ẹjọ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́ ni George Boldt. Kò sí ẹni tí ó retí ohun rere púpọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ fún àwọn onílẹ̀. Ààrẹ Eisenhower ni ó yàn án, ọwọ́ rẹ̀ le, kì í sì í ṣe ẹni tí ń bá àwọn alátakò ìjọba ṣe. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó gbọ́. Ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1973. Àwọn àgbààgbà wá sọ ibi tí baba baba wọn ti ń da àwọ̀n. Barbara Lane, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, mú àwọn ìwé àtijọ́ wá láti fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ti rí létí àwọn tí ó gbọ́ ọ ní 1854. Ìlànà tí adájọ́ náà tẹ̀lé kò ṣòro: bí ìwé àdéhùn bá rú ni lójú, bí àwọn tí kò kọ ọ́ ti gbọ́ ọ ni kí a túmọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1974 ni ó dá ẹjọ́ náà. Ó ní ‘ní àjùmọ̀ní’ túmọ̀ sí pé ẹgbẹ́ méjì ni ó ni ín, nítorí náà kí wọ́n pín in dọ́gba. Ẹja tí a bá yọ kúrò fún ìrúbí, kí irú má baà tán, kò sí fún ẹnikẹ́ni. Nínú èyí tí ó kù tí ó ń kọjá ní ibi ìpẹja àwọn ẹ̀yà, kí wọ́n ní àǹfààní láti mú ìdá 50 nínú 100. Ó tún ní àwọn ẹ̀yà tí ó bá tó ètò lè máa ṣàkóso ìpẹja àwọn ènìyàn wọn fúnra wọn. Láti mọ bí ìdájọ́ náà ti wúwo tó, ẹ wo ohun tí wọ́n ń rí tẹ́lẹ̀: ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá láti 1958 sí 1967, ìpín àwọn onílẹ̀ nínú ẹja agbègbè náà jẹ́ nǹkan bí ìdá 2 nínú 100.

Gbogbo ìpínlẹ̀ gbóná. Wọ́n ṣe ère adájọ́ náà, wọ́n so ó kọ́. Wọ́n lẹ ọ̀rọ̀ àbùkù rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Àwọn apẹja aláwọ̀ funfun jáde lọ pẹja lóru ní ọjọ́ tí ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n má lọ. Ó tọ́ kí a sọ ti àwọn yìí pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ènìyàn búburú. Wọ́n yá owó ní báńkì ra ọkọ̀, ìpínlẹ̀ gba owó wọn, ó sì fún wọn ní ìwé àṣẹ, ìpínlẹ̀ kan náà tí ó mọ̀ pé àdéhùn wà. Ìpínlẹ̀ ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, nígbà tí ẹni tí ó ni ín wá, ó fi àwọn oníbàárà méjèèjì sílẹ̀ kí wọ́n máa bá ara wọn jà. Slade Gorton, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà nígbà náà, gbé ẹjọ́ lọ sókè. Ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ tilẹ̀ sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ tẹ̀lé àṣẹ Boldt, tí ó fi di pé adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó gba àkóso ẹja sí ọwọ́ ara rẹ̀, tí ó ń sọ ọjọ́ tí àwọ̀n yóò wọ omi àti ọjọ́ tí yóò jáde. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ ní 1978 pé, bí a bá yọ ọ̀rọ̀ kíkó ọmọ dúdú àti funfun pọ̀ ní ilé-ìwé kúrò, kò sí àṣẹ ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní ọ̀rúndún náà tí wọ́n ṣe àtakò sí tó èyí.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1979, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi ìdí ìdájọ́ Boldt múlẹ̀, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta. Wọ́n tún un ṣe díẹ̀: wọ́n ní ìdá 50 ni òpin, pé ó lè dín bí àwọn ẹ̀yà bá ti rí èyí tí ó tó wọn jẹ. Boldt kú ní 1984. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn olùdìbò ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí òfin kan tí ó tako ẹ̀tọ́ àdéhùn, ṣùgbọ́n òfin ìpínlẹ̀ kò lè borí àdéhùn ìjọba àpapọ̀, nítorí náà ariwo lásán ni.

Kì í ṣe Washington nìkan. Ní Wisconsin, níbi tí àwọn Ojibwe ti ní àdéhùn 1837 àti 1842, ilé-ẹjọ́ sọ ní 1983 pé ẹ̀tọ́ ọdẹ àti ẹja wọn ṣì wà. Ẹja tí àwọn yẹn ń mú, òru ni wọ́n ń fi ọ̀kọ̀ gún un lábẹ́ iná. Láti inú àṣà yìí ni ìlú kan ti gba orúkọ Lac du Flambeau, adágún òògùṣọ̀. Nígbà ìrúwé, títí di 1991, àwọn èrò a máa pé jọ sí etí adágún, wọn a máa sọ òkúta, wọn a máa bú wọn ní èébú tí kò ṣe é tún sọ. Wọ́n ní wọ́n ń pa ẹja run. Ìwádìí tí ìjọba ṣe ní 1991 fi hàn pé irọ́ ni. Àwọn apẹja ìgbafẹ́ ń mú ẹja púpọ̀ ju tiwọn lọ. Ní Wyoming, ọdẹ kan láti ẹ̀yà Crow pa ẹran nínú igbó ìjọba ní 2014, wọ́n dá a lẹ́bi. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ní 2019, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, pé dídi tí Wyoming di ìpínlẹ̀ ní 1890 kò pa àdéhùn ọdẹ 1868 rẹ́.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó le jù ni èyí tí ó kàn lẹ́yìn ìṣẹ́gun. Ìdajì kí ni? Bí ẹja bá tán, ìdajì òfo, òfo náà ni. Ìdídò ti dí odò, wọ́n ti gé igbó etí omi, ìlú ti fẹ̀, ìdọ̀tí rẹ̀ sì ń ṣàn wọ inú òkun. Ní 1999, ìjọba àpapọ̀ kọ irú sámọ́nì kan tí wọ́n ń pè ní Chinook ní Puget Sound mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu. Billy Frank, ẹni tí wọ́n ti ń tì mọ́lé, ti di alága àjọ tí àwọn ẹ̀yà dá sílẹ̀ láti bójú tó ẹja, ó sì wà níbẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ọdún. Ó ń jókòó sí tábìlì kan náà pẹ̀lú ìpínlẹ̀ tí ń mú un tẹ́lẹ̀, wọ́n ń ka ẹja pọ̀, wọ́n ń tọ́ ọmọ ẹja pọ̀. Kò fi ìyà tí ó jẹ gbẹ̀san. Ó kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Ààrẹ Obama fi àmì ẹ̀yẹ tí ó ga jùlọ fún ará ìlú dá a lọ́lá. Ní 2014 yẹn kan náà, ìpínlẹ̀ ṣe òfin kan tí ó jẹ́ kí àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi nítorí ìpẹja àdéhùn ṣáájú 1975 lè béèrè kí wọ́n pa ìdálẹ́bi náà rẹ́, àti kí ẹbí àwọn tí ó ti kú béèrè fún wọn.

Ní 2001 ni àwọn ẹ̀yà náà tún padà sí ilé-ẹjọ́, nítorí páìpù. Nígbà tí ìpínlẹ̀ ń la títì, ó gba odò kéékèèké sínú páìpù lábẹ́ títì. Ọ̀pọ̀ nínú páìpù náà ga jù tàbí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Sámọ́nì tí ó ti òkun dé yóò wá ẹnu páìpù náà, kò sì ní lè wọlé. Ilé-ẹjọ́ sọ ní 2007 pé ìpínlẹ̀ kò lè ṣèlérí ẹja fún ènìyàn kí ó sì dí ọ̀nà mọ́ ẹja náà. Ní 2013, wọ́n pàṣẹ kí wọ́n tún èyí tí ó burú jù nínú wọn ṣe, wọ́n sì fún ìpínlẹ̀ ní gbèdéke 2030. Ìpínlẹ̀ tún pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, adájọ́ mẹ́jọ ni ó jókòó ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, nítorí pé ọ̀kan yẹra torí ó ti dá sí ẹjọ́ náà nígbà kan rí. Mẹ́rin sọ bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́rin sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Òfin ni pé bí ohùn bá pín dọ́gba, ìdájọ́ tí ó wà nílẹ̀ dúró. Nítorí náà ni ìpínlẹ̀ fi ní láti wú títì, kí wọ́n yọ páìpù, kí wọ́n sì ṣe afárá dípò rẹ̀ kí ẹja lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.